Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Kó Bá Irúgbìn Rìn

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ku díẹ̀ kó dé, ẹnu ọ̀nà ilé àgbẹ̀ kì í dá. Ẹnìkan á wá tọrọ irúgbìn ewédú, ẹlòmíràn á wá béèrè igi ẹ̀gẹ́, ọmọdé àdúgbò á ní ìyá òun ní kí òun wá gba hóró ilá díẹ̀. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ni bí ó ṣe yẹ kí a máa tọrọ irúgbìn, bí ó ṣe yẹ kí a máa fún ni, àti ohun tó kan ẹni tó gbà á lẹ́yìn tó bá ti gbà á tán.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Kí ló wà nínú ẹ̀kúnwọ́ ilá tí ẹ ó fi máa kọ ìwé lé e lórí?" Ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ẹni tó fún yín ní iṣu tí ẹ ó jẹ, bí iṣu náà kò bá dára, ẹ ó dà á nù, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún yín ní èèbù tí kò dára, ó ti gba ilẹ̀ yín, ó ti gba owó tí ẹ fi kọ ebè, ó sì ti gba òjò ọdún kan gbáko lọ́wọ́ yín. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta òjò ọdún tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí ìjà irúgbìn kì í fi í tán bọ̀rọ̀ láàárín àwọn tí oko wọn bára wọn pààlà.

Bẹ́ẹ̀, a kò lè sọ pé kí oníkálùkù máa dá irúgbìn tirẹ̀ ní. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tí a fi ń jẹun lónìí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá ní ayé àtijọ́, ọwọ́ sí ọwọ́ ni wọ́n sì gbà dé abúlé wa. Títí di ìsinsìnyí, inú àká ara wọn, ọ̀dọ̀ aládùúgbò tàbí orí àtẹ ọjà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kéékèèké ti ń rí irúgbìn. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA ti wà ní Ìbàdàn láti 1967, NIHORT tó ń ṣe ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ sì ti wà níbẹ̀ láti 1975. Bí wọ́n bá mú oríṣi tuntun jáde, àgbẹ̀ kan ló ń bu fún àgbẹ̀ kejì kí ó tó dé ibi tí ọkọ̀ wọn kò dé. Nítorí náà a ó máa bu fún ara wa. Kí a kàn mọ̀ ọ́n ṣe ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó ń tọrọ. Ìgbà ìkórè ló yẹ kí ẹ lọ tọrọ, kì í ṣe ìgbà tí òjò ti rọ̀ tán. Bí ẹ bá dúró títí di ìgbà òjò, inú èyí tí onílé fẹ́ gbìn ni yóò ti bù fún yín, ojú ló sì máa ń ti èèyàn láti sọ pé kò sí. Ẹ lọ fúnra yín. Ọmọdé lè gbé agolo bọ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn irúgbìn bọ̀. Ẹni tó bá kéré á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, á sì sọ iye tó fẹ́: "Ìyá, ẹ kú ilé. Tẹ̀tẹ̀ yín tí mo rí lọ́dún tó kọjá wù mí púpọ̀. Bí ẹ bá ń gbọn irúgbìn rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí mi. Bẹ́ẹ̀dì méjì péré ni mo fẹ́ fi gbìn." Ẹni tí a bá bẹ̀ báyìí mọ ohun tí yóò tọ́jú. Ẹni tí a bá kàn sọ fún pé "ẹ fún mi ní irúgbìn" kò mọ̀ bóyá ẹ̀kúnwọ́ kan ni tàbí kóńgò mẹ́ta. Ẹ mú ìgò tàbí agolo tó gbẹ, tó sì ní ìdérí, dání. Irúgbìn tí kò gbẹ dáadáa, tí a wá dì sínú ọ̀rá, á hu ìbu kó tó dé ilé.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́. Láyé àtijọ́, bí a bá ti wa ẹ̀gẹ́ tán, a máa ń kó igi rẹ̀ jọ sí etí oko, ẹni tó bá fẹ́ á sì mú. Ayé ìyẹn ti ń lọ. Wọ́n ń ta igi ẹ̀gẹ́ báyìí, wọ́n á di igi 50 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà kan ní ìdì kan, hẹ́kítà kan sì máa ń gba nǹkan bí ìdì 50 sí 60. Ẹni tó bá wọ oko olóko lọ gé igi láìsọ, kó má sọ pé igi lásán ni òun gé. Ata tó pọ́n lórí igi lẹ́yìn ilé ẹlòmíràn náà rí bẹ́ẹ̀. Bóyá onílé ti fi ọkàn yan igi yẹn pé òun ni òun ó fi ṣe irúgbìn.

Wàyí o, ẹni tó ń fún ni. Òun gan-an ni ẹrù pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù, nítorí òun ló mọ ibi tí irúgbìn ti ń bọ̀. Orúkọ nìkan kò tó. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ọkọ Ìyàwó ní abúlé kan lè má jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú tí abúlé kejì. Ẹ sọ ọdún tí ẹ kórè rẹ̀, ẹ sọ irú ilẹ̀ tó ti ṣe dáadáa, yálà àkùrọ̀ ni tàbí ilẹ̀ òkè, kí ẹ sì sọ ohun tó wà nítòsí rẹ̀ nígbà tó ń yọ òdòdó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ kì í kà sí.

Ẹ wo àgbàdo. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó àgbàdo láti orí igi kan bọ́ sórí irun tó yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo mìíràn. Bí ẹ bá gbin àgbàdo funfun tí ẹ fẹ́ fi ṣe ògì, tí aládùúgbò yín sì gbin oníyẹ́lò fún oúnjẹ adìẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lákòókò kan náà, ẹ ó rí hóró yẹ́lò láàárín funfun lọ́dún yẹn gan-an. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé, afẹ́fẹ́ ni. Àwọn tó ń pèsè irúgbìn fún títà máa ń fi nǹkan bí 200 mítà sáàárín oríṣi kan àti èkejì. Ìwọ̀nba ilẹ̀ ni àwa ní, nítorí náà ohun tó rọrùn ni kí aládùúgbò méjì jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ọ̀kan gbìn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn èkejì, kí a sì mú irúgbìn láti àárín oko, kì í ṣe ní etí rẹ̀. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ṣáà sọ fún ẹni tí ẹ fún: "Oníyẹ́lò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o." Ó lè gbà á síbẹ̀. Àmọ́ kò ní sọ pé ẹ tan òun jẹ nígbà tí ògì rẹ̀ kò bá funfun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàdo háíbíríìdì tí a ń rà nínú páálí. Oríṣi méjì ni ilé iṣẹ́ fi bí i, ọdún àkọ́kọ́ ló sì ń fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn. Bí a bá tún hóró rẹ̀ gbìn, òmíràn á ga, òmíràn á kúrú, ìkórè á sì dínkù. Ẹni tó bá bu irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ láìsọ ti fún un ní ìrètí tí kò sí nínú agolo. Tàtàṣé tó wà nítòsí ṣọ̀ǹbọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: oyin á bá wọn pọ̀, èso tẹ́yin rí kò ní yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ lè ta bí iná. Ẹ̀wà àti tòmátì kì í fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà yìí, nítorí inú òdòdó ara wọn ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ wọn.

Ewédú ń kọ́? Ìjà ewédú ló ń pa wá lẹ́rìn-ín jù. Irúgbìn ewédú le lẹ́yìn. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé a máa ń dì í sínú aṣọ, kí a rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí a sì yára mú un sínú omi tútù kí a tó gbìn ín. Ìyá tó ti ń ṣe é láti kékeré kò ronú pé ẹnikẹ́ni wà tí kò mọ̀. Ó bu irúgbìn tó dára fún ìyàwó tuntun àdúgbò, kò sọ nǹkan kan. Ìyàwó gbìn ín bẹ́ẹ̀, díẹ̀ péré ló hù. Ọ̀rọ̀ wá di pé ìyá náà ahun ni, pé irúgbìn tó ti kú ló fún òun. Gbólóhùn kan péré ìbá ti pa iná ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ dán irúgbìn wò kí ẹ tó fún ni, pàápàá èyí tó ti pẹ́ nínú ilé. Ẹ ka hóró 100, ẹ fi aṣọ tútù wé e, ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò ti ní pa á, ẹ má jẹ́ kí aṣọ náà gbẹ. Ní ọjọ́ 5 sí 7, ẹ ka àwọn tó hù. Bí àgbàdo tàbí ẹ̀wà 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá hù, ẹ fún ni pẹ̀lú ìdùnnú. Bí ó bá jẹ́ 60, ẹ sọ ọ́ kí ẹni náà lè gbìn ín nípọn. Bí kò bá tó ìdajì, ẹ fi bọ́ adìẹ, bí kò bá ti sí oògùn lára rẹ̀.

A ti dé ibi tí kò sí àwàdà o. Irúgbìn tí wọ́n fi oògùn pa lára máa ń ní àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró, kí ojú lè mọ̀ ọ́n. Májèlé ni. Ẹ má ṣe bù ú sínú agolo mílíkì tàbí ìgò tí a fi ń pọn ohun mímu. Ẹ má fi rán ọmọdé. Ẹ má fún ẹni tí ẹ kò lè sọ fún lójúkojú pé, "Èyí kì í ṣe jíjẹ. Fífọ̀ rẹ̀ kò sọ ọ́ di jíjẹ." Ẹ̀wà tí a fi oògùn apakòkòrò sí nínú ìgò náà ń kọ́, tí kò ní àwọ̀ kankan? Òun ló burú jù, nítorí ojú kò lè mọ̀ ọ́n. NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra pé kí a má ṣe máa da irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀wà. Ohun tó dára ju ìyẹn lọ ni àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀: kòkòrò inú rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀ láìsí oògùn. Fún ìwọ̀nba irúgbìn inú ilé, ìgò tó gbẹ, tó kún dé ẹnu, tí a dé pinpin, tó.

Ohun tí a ti sọ bọ̀ yìí, hóró ni. Igi ẹ̀gẹ́ àti èèbù iṣu tún lágbára jù bẹ́ẹ̀, nítorí ara ìyá gan-an ni a gé fún ni. Àìsàn tó bá wà lára ìyá ti wà lára ọmọ. Àrùn mòsáíkì tó ń mú ewé ẹ̀gẹ́ lọ́rùn, tó ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò kàlákàlà, tó sì ń ká a kò, eṣinṣin funfun kékeré ló ń gbé e kiri, igi tí a gé láti ara ẹ̀gẹ́ aláìsàn sì ń gbé e lọ jìnnà ju ibi tí eṣinṣin lè fò dé. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé, nígbà tí a bá fi máa gé igi, ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ sí lórí rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, tí ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ rìn yí oko ká, kí ẹ so àkísà pupa mọ́ èyí tí ara rẹ̀ dá. Èyí tí àkísà wà lára rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gé fún ni. Ẹni tó ń tọrọ náà lè sọ pé, "Bàbá, bí kò bá ní ni yín lára, ẹ jẹ́ kí n bá yín wo oko náà kí ewé tó wọ́." Kì í ṣe àrífín. Ẹ̀gẹ́ tó ti lo oṣù 8 sí 12 ni kí a gé, kí a gé e sí nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, kí ojú 5 sí 7 wà lára rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní gbìn ín lọ́jọ́ náà, ẹ tò ó lóòró sí abẹ́ ìbòòji.

Ní ti èèbù, ẹ fi èékánná ha ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọ̀ yẹ́lò tàbí ti ilẹ̀ lábẹ́ èèpo, aràn inú ilẹ̀ tí ojú kò lè rí ti wọ̀ ọ́, á sì wọ inú oko tuntun bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ ìyókù rẹ̀, ẹ má gbìn ín, ẹ má sì fún ni.

Ẹni tó bá rò pé a ń sọ àsọdùn, ẹ jẹ́ kó rántí kòkòrò funfun bí ìyẹ̀fun tó ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé igi ẹ̀gẹ́ tí ẹnìkan gbé kọjá òkun ló gun wá. Ní 1973 ni wọ́n rí i ní Kóńgò àti Zaire ìgbà náà, kí ọdún mẹ́wàá sì tó pé, ó ti dé orílẹ̀-èdè tiwa, ẹ̀gẹ́ ń rọ, ewé ń ká jọ, ìyà ń jẹ àwọn tí gàrí jẹ́ oúnjẹ wọn. Agbọ́n kékeré kan tí wọ́n rí ní Paraguay ló bá wa ṣẹ́gun rẹ̀. Ní 1981 ni àwọn IITA bẹ̀rẹ̀ sí í tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ náà sì gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Ẹ ronú sí i: àjọṣe kan láàárín èèyàn méjì, ìdì igi kan, ó di iṣẹ́ fún gbogbo Áfíríkà. Nítorí náà, ọmọ yín tó wà ní ìlú òkèèrè, tàbí ìbátan tó ń ti Kútọnu bọ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má di igi ẹ̀gẹ́, iṣu tàbí hóró kankan sínú àpò wá láìjẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ NAQS ní ẹnubodè ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àrùn mìíràn wà tó ń mú kí inú ẹ̀gẹ́ rà di àwọ̀ ilẹ̀ nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì dára lójú. Ìlà oòrùn Áfíríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti wọ Kóńgò. A kò fẹ́ ẹ níhìn-ín.

Ẹni tó gba irúgbìn ńkọ́? Ẹ má gbin ohun tuntun káàkiri oko lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ yà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ lè mọ ìwà rẹ̀, kí ẹ sì lè fà á tu bí àìsàn bá hàn lára rẹ̀. Ẹ so ìwé pélébé mọ́ agolo: orúkọ irúgbìn, ẹni tó fún yín, oṣù àti ọdún. Ẹ má yí orúkọ tí wọ́n fún yín padà, ẹ má sì gbé e lọ sí ọjà lọ tà bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá bẹ̀ yín fún un, ẹ bù fún un, ṣùgbọ́n ẹ sọ ilé tó ti wá.

Bí kò bá hù, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè. Ṣé ẹ kò bo tẹ̀tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù? Hóró rẹ̀ kéré, erùpẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ló fẹ́. Ṣé èèrà kò kó o? Ṣé òjò kò dá? Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ bá ẹni tó fún yín nílé rẹ̀, kì í ṣe lójú ọjà: "Ìyá, ilá tí ẹ fún mi, díẹ̀ ló hù nínú rẹ̀. Mo ní kí n sọ fún yín, bóyá ẹ ó yẹ ìyókù wò." Inú rẹ̀ lè má dùn lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹ ti gba òun náà lọ́wọ́ òfò.

Bí ó bá sì ṣe dáadáa, agolo kan tí ẹ gbà, agolo kan ni kí ẹ dá padà nígbà ìkórè, kí ẹ bu díẹ̀ lé e. Ní ojú tiwa, èyí ju ọpẹ́ ẹnu lọ, ó sì ju owó lọ. Ọ̀dá lè mú oko ẹni tó fún yín, eku lè wọ àká rẹ̀, iná lè jó o. Ibi tí irúgbìn rẹ̀ tún wà láyé ni ọwọ́ yín. A mọ àgbàlagbà tó pàdánù irúgbìn ẹ̀wà tó jogún, tó sì jẹ́ pé ilé ọmọ aládùúgbò tó bù fún ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ló ti tọrọ rẹ̀ padà.

Fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ ra ìwé kan tí yóò wà lọ́wọ́ akọ̀wé: ẹni tó yá irúgbìn, iye kóńgò, oríṣi rẹ̀, iye tó hù nígbà tí a dán an wò, ọjọ́ tí yóò dá a padà. Ẹ má gba èyí tí kò gbẹ padà. Ẹ fi eyín gé àgbàdo náà, kó dún kẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ máa ta irúgbìn fún ará ìta, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àjọṣe. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tuntun lórí irúgbìn ní 2019, ìyà sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá ń ta ayédèrú. Òfin mìíràn ti 2021 ń dáàbò bo ẹni tó dá oríṣi tuntun sílẹ̀, tó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ tó na owó sí i, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ADP tó sún mọ́ yín, kí wọ́n ṣàlàyé fún yín.

Ó ku ẹni tó ń tọrọ nígbà tí kò sí. Ẹ má bu àṣẹ́kù tí kòkòrò ti lu fún un nítorí ojú àánú. Ẹ sọ fún un pé, "Èyí tí mo ní kò ju èyí tí n ó gbìn lọ. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí ó ṣe, orúkọ rẹ ni ó kọ́kọ́ wà." Kí ẹ sì kọ orúkọ náà sílẹ̀ lóòótọ́, ní ẹ̀yìn ìwé pélébé tó wà lára agolo, níbi tí ojú yín yóò ti rí i nígbà ìkórè.